Bí Ọ̀rẹ́ Mi Ará Jọ́dánì Ṣe Kọ́ Mọ́tò Wíwà

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mulhuddart, ní Dublin, lèmi àti obìnrin ará Jọ́dánì kan ti jọ ń di oògùn sínú páálí. Tíṣà ìṣirò ni nílùú wọn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé e wá láràárọ̀, òun náà ló sì ń wá gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Obìnrin náà ti lo ọdún mẹ́ta ní Dublin, kò tíì dá wọ bọ́ọ̀sì rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tá a ń jẹun, ó bi mí pé, "Ọkọ rẹ ò bínú pé ò ń wa mọ́tò?"

Mo ní, "Ọkọ mi ò mọ mọ́tò wà. Èmi ni mo ń gbé e kiri."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ẹnu. Ló bá fa ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ní ará ilé òun ò mọ̀ sí i. Mo béèrè bó ṣe kàwé ìdánwò tí wọ́n fi ń gbà á tí wọn ò fi mọ̀. Ó ní orí fóònù ni, nínú ilé ìwẹ̀, omi á sì máa dà.

Láti ọjọ́ náà, tá a bá ti jẹun tán, a ó bọ́ sínú mọ́tò mi, ká lọ sẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ níbi tí títì ti máa ń dá. Ó máa ń di ìdarí ọkọ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní nígbà tóun àti ọkọ òun túká, bàbá àwọn ló fi òun lé e lọ́wọ́. Mo rántí bàbá tèmi n'Íbàdàn, tó ní n kò gbọdọ̀ lọ kàwé nílùú tí a ò ti ní ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n náà ká wa mọ́ ojú títì lọ́jọ́ kan tó mú kọ́kọ́rọ́ ilé wá fún un. Ó dúró síwájú mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ, ojú wọn nìkan ni mo ń wò. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi pe bàbá wọn lórí fóònù, ó gbé fóònù náà sáàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n bá yíjú padà, ó lọ.

"Kí ni bàbá yín wí?"

"Wọ́n bi mí bóyá òjò kì í jẹ́ kéèyàn ríran lójú ọ̀nà níbí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Wọ́n ní kí n máa rọra wà á."

Ẹ̀ẹ̀kejì tó ṣe ìdánwò ló yege. Ó ti kó kúrò nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Coolock, àdúgbò mìíràn ní Dublin, òun àti nọ́ọ̀sì méjì ló jọ ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wá kí i. Nígbà tí wọ́n mu tíì tán, ìyàwó náà ní kí ọ̀rẹ́ mi kọ́ òun náà ní mọ́tò wíwà. N kò tíì gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ wí.