Etí Alágbẹ̀dẹ

Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ní Bẹẹrẹ, bá rọ irin tán, á fi ọmọ owú lù ú, á tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ kó tó gbé e fún olóhun.

Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú òyìnbó kan kán, wọ́n ní kó rọ òmíràn. Ó rọ ọ́, ó lù ú, ó mi orí, kò gbé e fún wọn.

Ògbufọ̀ òyìnbó náà jágbe: "Bàbá, ẹ gbé e wá! Àbí ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ sùn sí?"

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá ògbufọ̀ lóhùn:

"Ọmọ mi, ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀kùn. Òfuurufú kò ní ibi ìdìmú."

Ó ṣẹ́ irin náà sí méjì lójú wọn: inú rẹ̀ ti sán. Ó rọ òmíràn.

Nígbà tí ọkọ̀ náà fò kọjá lórí Mápó, gbogbo wa ń hó. Òun nìkan ló dẹtí sí irin rẹ̀ lókè.