Ohùn Tó Ń Kùn Lára Ògiri Wa

"Mo ń bọ̀, ẹ mú sùúrù," ni ìyá àgbà wí sí ògiri.

Ọ̀sán gangan ni, atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé òórùn ẹja yíyan wọ ilé wa ní àdúgbò Akron létí omi. Ìyá àgbà gbé etí lé ògiri amọ̀. Èmi náà gbé tèmi lé e: ohùn kan ń kùn níbẹ̀, ó nípọn, kì í mí, kì í dúró. Ìyá ní bàbá àgbà ni. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì máa ń kùn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́ kẹta rèé tí ìyá kò jẹun, tó ń di ẹrù. Orí mi wú. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í dá òkú lóhùn bó bá peni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé à ń bọ̀.

Mo sáré lọ ròyìn fún bàbá aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe lódìkejì ògiri. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ìyá wá.

Òórùn òjé yíyọ́ àti eruku gbígbóná ló kún yàrá rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, làńpù onígò mẹ́rin, irú èyí tí ń sọ ohùn di ńlá, ń pọ́n nínú rẹ̀ bí ojú ológbò, àpótí tí ohùn ń gbà jáde sì fara ti ògiri wa. Ó fi ìka hàn wá: wáyà méjì ló ń gbé iná lọ mú inú làńpù gbóná, iná náà sì ń lọ síwá sẹ́yìn nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí wáyà méjèèjì bá ti jìnnà síra, ìró wọn á jò sínú ohùn àpótí náà, ògiri á sì máa kùn.

Ó pa iná. Ó lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra pinpin, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ igun irin ẹ̀rọ náà, jìnnà sí làńpù àkọ́kọ́. Nígbà tó tan iná padà, ohùn náà dínkù, ṣùgbọ́n kò kú. Ó wá so bọ́tìnì kékeré kan tí à ń fọwọ́ yí sáàárín wáyà méjèèjì, ó fi òjé jó ẹsẹ̀ àárín rẹ̀ mọ́ ara irin, kí ìró wáyà ọ̀tún àti tòsì lè pa ara wọn.

"Etí tèmi ò gbọ́ ọ mọ́," ó ní. "Tiyín ńkọ́, ìyá?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, ọmọ mi."

Ó mú ọwọ́ ìyá, ó gbé e lé bọ́tìnì náà. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yí i. Bó bá lọ ju ibi tó yẹ, á máa pè yín. Ibi tó ti ń dákẹ́ wà láàárín."

Ìyá yí i sọ́tùn-ún. Ohùn náà dìde, ó kún yàrá. Ìyá tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kejì lé mi lórí.

"Ẹ máa lọ, ọkọ mi," ó ní. "Mo ṣì lọ́mọ lọ́wọ́."

Ó yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo yàrá fi pa rọ́rọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó béèrè ẹ̀kọ.

Bàbá onírédíò náà ti lọ tipẹ́. Èmi ni mò ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe báyìí, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ wáyà lọ́ bíi tirẹ̀. Ohun tí mo mú lọ́dọ̀ rẹ̀ jùlọ ni pé kò gba ohùn náà lọ́wọ́ ìyá; ọwọ́ ìyá ló fi lé e. Mo mọ ibi tí ìró yẹn ti ń wá, mo lè wọn iná rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ku díẹ̀ kó dákẹ́, ó máa ń jọ pé ẹnì kan dánu dúró, tó ń retí bóyá màá dáhùn. N kì í dáhùn. Mo máa ń yí i títí dé àárín.