Kúbùsù fún Ìlú Tó Tutù

Inú ìbọ̀sẹ̀ ni ìyàwó mi di kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sí nígbà tó fi í rán arìnrìn-àjò kan sí mi láti ìlú òyìnbó. Mo fi í sínú rédíò ní ìrọ̀lẹ́, mo sì kọ́kọ́ gbọ́ bó ti ń mí kó tó sọ̀rọ̀. Ó kí mi, ó kí ìyá mi, ó kí Bàbá Onílé àti gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ibí yìí tutù, ọkọ mi. Ó tutù ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa lọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ńṣe ni mo máa ń ká kò sórí àga."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn. Yàrá méjì ni a ń gbé nígbà náà ní ìhà Agége, lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ aṣọ kan, èmi sì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkẹjà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ní àwọn ọdún tí ìjọba ológun gbé ètò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ayé ń pè ní Sáàpù lé wa lórí, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ bí ẹni ń sá fún òjò, òun náà sì bá wọn lọ. Àdéhùn wa ni pé yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì padà wálé. A kò tíì bímọ. Ìyẹn ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé lílọ rẹ̀ rọrùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ká gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ṣùgbọ́n ó fi ìró tó máa ń bò sùn sílẹ̀ lórí ibùsùn ní títẹ́. Ìyá mi, tó ti Ìsẹ́yìn wá láti sìn ín, rí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí yóò padà kì í ká ìbora rẹ̀." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nílé wa nìyẹn: bí àlejò bá ká ẹní àti ìbora lọ, ó ti lọ nìyẹn, bó bá fi wọ́n sílẹ̀, ó ṣì ní ilé níbẹ̀. N kò ká ìró náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn sí.

Ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri wa ti ń rọ ní àkókò tí kásẹ́ẹ̀tì yẹn dé. Kò rí ohun èlò rà láti òkè òkun mọ́, ó ti dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, ó sì ń ta òwú tó ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni tó bá wá sẹ́nu géètì. Mo ra òwú wúùlù níbẹ̀, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ obì pupa àti aláwọ̀ aró. Kúbùsù ni mo fẹ́ fi hun, èyí tó nípọn, tí òtútù ìlúkílùú kò ní lè là kọjá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ibẹ̀ má ṣe mọ́ ọn lára kó tó padà. Mo rò pé bí ohun tí ọwọ́ ara mi hun bá ń bò ó, kò ní gbàgbé ilé.

Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà nínú ọgbà wa tó ń fi ẹ̀rọ hun súwẹ́tà àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ìyá Onísúwẹ́tà là ń pè é. Òun ni mo lọ bá pé kó kọ́ mi ní kóróṣé, iṣẹ́ tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ṣe, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ẹ gbé òwú yẹn wá, kí ẹ̀rọ mi bá yín parí ẹ̀ kíá."

"Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é."

"Ẹ ẹ̀ ní bínú o, Tíṣà. Obìnrin tó lóyún ló ń ṣe kóróṣé."

Òtítọ́ ló sọ. Ibi tí àwọn aboyún ti ń dúró de dókítà ni ènìyàn ti máa ń rí irú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Bàbá Onílé, àgbà Àwórì tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Bó bá ti mọ́sálásí dé tó bá mi lẹ́nu ọ̀nà, yóò dúró.

"Tíṣà, oṣù mélòó ló kù tí wàá bí?"

"Ó ti ń wọ oṣù rẹ̀, Bàbá. Ẹ máa fi àdúrà ràn mí lọ́wọ́."

"Bó bá jẹ́ ọkùnrin, orúkọ mi ni kó o sọ ọ́."

Gbogbo ọgbà a rẹ́rìn-ín, èmi náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n ó kó òwú mi wọlé. Nínú yàrá wa, kò sí ẹni tó tíì hun fìlà ìkókó rí.

Ọwọ́ mi le. Mò ń fa òwú bí ẹni tó ń di ẹrù àjò, títí abẹ́rẹ́ kò fi rí ibi wọlé mọ́. "Ẹ jẹ́ kó mí," ni Ìyá Onísúwẹ́tà máa ń wí, "kúbùsù tí kò mí kì í móoru." Èyí tó burú jù ni pé bí iṣẹ́ náà ti ń gùn ló ń fún. Nígbàkigbà tí mo bá dé etí tí mo sì yí padà, mo máa ń fo ojú ìhun àkọ́kọ́ láìmọ̀, títí ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìbora fi ń ṣe ṣóńṣó bí ìrù ẹja. Mo tú u, mo tún un hun, mo tún tú u.

Bàbá tó bí mi ló yọ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú tipẹ́. Ahunṣọ òfì ni ní Ìsẹ́yìn. Ọkùnrin ló sì ń hun òfì nílùú wa, nítorí náà ojú kò tì mí tó bí Bàbá Onílé ti rò. Mo rántí pé kò sí ìgbà kan tí mo rí i kó hun aṣọ fífẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń hun ún, tí yóò máa gùn lọ gbọọrọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé e, tí wọn yóò sì rán an pọ̀ di odidi. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hun tẹ́ẹ́rẹ́, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ojú ìhun inú rẹ̀ kò pọ̀ débi tí n ó fi fo ọ̀kan kí n má mọ̀. Mo to eérú ti obì, mo to obì ti aró, mo sì rán wọn mọ́ra. Nígbà tí mo gbé e lọ fún Ìyá Onísúwẹ́tà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Èyí kì í ṣe kóróṣé mọ́. Òfì lẹ fi wúùlù hun."

"Ṣé kò dára ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ahunṣọ, ẹ kú iṣẹ́."

Oòrùn Èkó kò mọ̀ pé ìlú míràn ni mò ń hun ún fún. Bó ti ń tóbi sí i lórí itan mi, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń bò mí, mo sì máa ń sinmi láti fi aṣọ nu ọwọ́ kí wúùlù má bàa tutù. Nígbà tó parí, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń rìnrìn-àjò bá mi gbé e. Ó gbé ẹrù náà wò, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ènìyàn lẹ dì síbí ni?"

Ó pẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì kejì tó dé. Ohùn ìyàwó mi ti yí padà díẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará yàrá kejì gbọ́.

"Kúbùsù dé, ọkọ mi. Mo gbóòórùn ilé wa lára rẹ̀, mo sunkún. Ṣùgbọ́n ta ló ní òtútù ń mú mi? Inú ilé wọn níbí gbóná ju Èkó lọ. Irin kan wà lára ògiri tí omi gbígbóná ń gbà kọjá, búláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo máa ń wọ̀. Mo ní ibí tutù ni. Kò sẹ́ni tó ń kí ènìyàn. Mo lè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé. Mi ò lè bo kúbùsù yín, ooru á pa mí. Orí àga kejì ni mo tẹ́ ẹ sí. Bí mo bá ń jẹun, òun ni mo máa ń kọjú sí."

Mo wá kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, mo tún un gbọ́. Tutù ló wí. Kò dárúkọ òtútù níbì kankan. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo máa ń là sí wẹ́wẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni: omi tutù, ewé tutù, ènìyàn tí kì í bínú tutù, ilé tí àwọn èrò inú rẹ̀ ti lọ náà tutù. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí nígbà tí mo gbọ́ ọ, síbẹ̀ òtútù ni mo gbọ́.

Lásìkò náà ni fèrè ilé-iṣẹ́ ẹ̀yìn ògiri wa dákẹ́ pátápátá. A ti máa ń bú u tẹ́lẹ̀ pé kì í jẹ́ ká sùn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jí ìyàwó mi lọ sẹ́nu iṣẹ́. Fèrè lọ, ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì náà palẹ̀ mọ́. Bàbá Onílé wá dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, kò bi mí léèrè oyún.

"Àdúgbò yìí tutù, Tíṣà."

"Ó tutù, Bàbá."

Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé irú èwo.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ìyàwó mi gba ìsinmi wálé. Ìyá mi wá láti Ìsẹ́yìn láti pàdé rẹ̀, ilé kún. Ó mú ẹ̀bùn wá fún gbogbo ènìyàn, ó mú fìlà onírun wá fún Bàbá Onílé, ẹni tó dé e lójú ẹsẹ̀ nínú ooru yẹn tí kò sì ṣí i.

"Aya Tíṣà," ó ní, "ọkọ rẹ bímọ lẹ́yìn rẹ. Ṣé o gbé ọmọ náà wálé?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Rárá o, Bàbá. Ó ń ṣọ́ ilé dè mí. Mo tẹ́ ẹ sórí àga rẹ̀."

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ló wò mí, kó tó yí ojú sí àwo tó wà níwájú rẹ̀.

Ìsinmi náà kò pẹ́ tó fi tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń padà lọ, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ibùsùn dáadáa. Ó gbọn ìró rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi í sínú àpótí.

"N ó máa bò ó sùn níbẹ̀," ó ní. "Ó fúyẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fúyẹ́, mo sì bá a ti àpótí náà.

Ìyá mi ti padà sí Ìsẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí mo lọ kí i, ó bi mí bóyá ìyàwó mi tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní ó tẹ́ ẹ.