Ọdún Tí Mo Kọ́ Ìdúró

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sójú oòrùn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Ìdànrè, òórùn kíkan tí àwọn àpáta ńlá ńlá sé mọ́ àárín ilé kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Inú òórùn yẹn ni mo gbé àárẹ̀ mi wá sílé ní ọdún tí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Bíírò a já bọ́, n kò ní mọ̀ àfi bí mo bá gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kíkọ lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wá kọ̀ ọ́, kí ló kù fún un? Mo máa ń jókòó ti ìwé náà, kí n máa sunkún láìdún.

Obìnrin tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́ kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo ọwọ́ náà. Ó ní kí n dúró bí mo ṣe máa ń dúró, ó yí mi po, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ta lẹ ń bẹ̀?"

Mo ní n kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Ọrùn yín ń bẹ̀bẹ̀ o."

Ó ṣàlàyé pé bí orí bá gúnlẹ̀ sórí ọ̀pá ẹ̀yìn, egungun ni yóò rù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọ síwájú, ẹran ọrùn ni yóò máa fà á tọ̀sán-tòru, egungun ọrùn yóò sì há iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọwọ́ mọ́. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí n sì fa àgbọ̀n sẹ́yìn títí ìpàkọ́ yóò fi kàn án. Kò kàn án. Àyè tó kù gba odidi ìkúùkù. Níbẹ̀ ni mo ti rántí bí ìtẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ga ju ẹgbẹ́ mi lọ lọ́mọdé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, bí mo bá dúró láàárín àwọn àgbà, ìyá mi a fọwọ́ tẹ ìpàkọ́ mi wálẹ̀: "Tẹ̀ díẹ̀. Ọmọbìnrin kì í yọrí ju àgbà." Mo tẹ̀. Wọ́n yìn mí pé mo ní ẹ̀kọ́ ilé, ìyìn yẹn ni mo sì gbé wọ yunifásítì.

Ògiri ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo ń lò láràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìka kò tíì jí, ìrètí mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa ń kọjá lọ.

"Ìyá Ọ̀mọ̀wé, ọmọ yín ti ń na ọrùn sí wa o! Ṣé ìwé ló ń gùn ún?"

Ojú tì mí, mo tún tẹ̀ kíákíá. Ìyá mi, tó ń tú kòkó ká lórí ẹní, dìde.

"Ẹ má dá a lẹ́bi, Bàbá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí mi, ó rọra tì í sẹ́yìn títí ìpàkọ́ mi fi kan ògiri fún ìgbà àkọ́kọ́. "Má bínú," ló ń sọ, "má bínú."

Ìka mi kò jí lọ́jọ́ náà. Ó gba oṣù púpọ̀, èyí tó kéré jù ṣì ń sùn dòní. Mo parí ìwé náà ṣá. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kì í ṣe ẹrù tí a ń fi ọrùn gbé kiri. Orúnkún la dá a fún, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá ìlú wa. Bí mo bá sì dìde, mo máa ń dìde tán.