Ara Mi Tutù, Kò Tíì Yá

Télọ̀ kan gbé léèsì aláwọ̀ ọsàn wá sí ìsọ̀ mi l'Ọ́jà'ba, ó ní kí n bá òun wá òwú tó bá a mu. Iṣẹ́ mi nìyẹn: òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni mò ń tà. Mo yíjú sí ibi tí mo to àwọn òwú pupa sí, ni nǹkan bá gún mi lẹ́yìn ẹyinjú méjèèjì. Kì í ṣe ẹ̀fọ́rí. Ẹyinjú gan-an ló ń dùn mí, bí mo bá sì yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, á tún le sí i. Gbogbo orí ni mo wá ń yí, bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ gan. Télọ̀ náà bi mí bóyá mò ń sín ẹnì kan jẹ ni. A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì ta òwú fún un. Kó tó di ìrun Àsárì, gbogbo eegun mi ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó.

Gbogbo wa la mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí. Ibà ni. Ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, bí ara bá ti gbóná, ibà ni, ẹni tó bá ní kì í ṣe ibà ń fẹ́ fi ìwé kíkà da ilé rú ni. Ọkọ mi, Bàbá Nàfísá, lọ ra àpòpọ̀ oògùn fún mi ní kẹ́míìsì: oògùn ibà, oògùn ara ríro, àti oògùn pupa kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo lò ó. Ara gbígbóná kò lọ, èébì tún kún un.

Ẹnì kan ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀, àbúrò ọkọ mi ni. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀; Akọ̀wé ni mò ń pè é. Ọ́fíìsì kan l'Ágodì ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè ọ̀run. Ní bí oṣù kan ṣáájú àìsàn mi, ó kó gbogbo ilé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní àdúgbò wa wà lára ibi tí àìsàn ẹ̀fọn máa tó pọ̀ sí. Mo ní kó bá mi bi sátẹ́láìtì náà bóyá ó rí adìẹ mi tó sọnù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dákẹ́.

Ó ní sátẹ́láìtì kì í rí ẹ̀fọn. Ohun tó ń rí ni bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, ibi tí òjò ti rọ̀, àti bí ewéko ṣe tutù yọ̀yọ̀ tó. Wọ́n á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣàìsàn láwọn ọdún tó ti kọjá, kí wọ́n lè mọ irú ojú ọjọ́ tí àìsàn máa ń tẹ̀ lé. Bí òjò bá ń rọ̀ kíkankíkan, àgbàrá máa ń gbá ọmọ ẹ̀fọn lọ. Ìgbà tí òjò bá dá, tí oòrùn mú, tí omi díẹ̀ kù sínú ike àti táyà, tí àwa náà ń pọnmi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń bí sí i. Ó ní ọ̀kan wà nínú wọn tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lójú ọ̀sán, omi tó mọ́ ló sì fẹ́ràn. Nígbà míì, ohun tí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òjò ti dá lásìkò yẹn, inú wa sì ń dùn pé ẹrẹ̀ Ọjà'ba ti gbẹ.

Nígbà tí n kò lè dìde mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Orí bẹ́ńṣì gígùn la jókòó sí, àwa àti àwọn tó ń gbọ̀n. Bí nọ́ọ̀sì bá yọjú, gbogbo wa á gbórí sókè. Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni ló pè, orí á tún wálẹ̀. Mo kórìíra bẹ́ńṣì yẹn. Mo gbórí lé èjìká ọkọ mi ní gbangba, ohun tí n kò ṣe rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ní àyẹ̀wò kò rí ibà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ó bi mí níbi tí mò ń gbé. Mo ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó wo ojú nọ́ọ̀sì. Ìkìlọ̀ àwọn Akọ̀wé ti dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì ti wá ohun èlò àyẹ̀wò míì sílẹ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi, dẹ́ńgè ni wọ́n bá níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: dẹ́ńgè jọ ibà, àmọ́ ohun tó ń fà á yàtọ̀, oògùn ibà kò sì ràn án. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn ró, pẹ̀lú parasitamọ́ọ̀lù, títí ara fúnra rẹ̀ á fi borí. Àwọn horo wẹ́wẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá bí a bá fara gbọgbẹ́. Dẹ́ńgè máa ń dín wọn kù, àwọn oògùn ara ríro kan sì wà tí kì í jẹ́ kí èyí tó kù ṣiṣẹ́. Dókítà ní kí a gbé àpòpọ̀ oògùn wa wá. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní a ò gbọdọ̀ lò ó mọ́, Bàbá Nàfísá ò sì lè wojú mi.

Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo jí láàárọ̀, ara mi tutù. Ẹyinjú mi kò dùn mí mọ́. Ọjọ́ kejì ni wòlímọ̀ Nàfísá, ọmọ wa, tó ti parí Kùránì, n kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn mi. Mo bọ́jú, mo wọ hijáàbù. Ọkọ mi dé, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá rẹ̀ ti ń kí mi kú ewu lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ní dókítà kò tíì ní kí n máa lọ. Ọkọ mi ní ara tó ti tutù, kí la tún ń dúró dè? Ìyàwó kékeré kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi, àìsàn kan náà ló ń ṣe wá, ara tirẹ̀ náà sì tutù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń di ẹrù rẹ̀. Ó juwọ́ sí mi bó ṣe ń jáde.

A ti fẹ́ tẹ̀ lé wọn nígbà tí Akọ̀wé wọlé. Ó ti bá dókítà sọ̀rọ̀ níta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má mú wọn lọ."

"Ṣé sátẹ́láìtì ló tún sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà ló sọ ọ́. Bí ara gbígbóná bá lọ tán ni àìsàn yìí máa ń pààyàn. Bí ti òjò yẹn náà ni, ẹ̀gbọ́n: ìgbà tó bá dá ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

Ọkọ mi ní kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ọ́fíìsì lọ́rùn, lójú gbogbo aláìsàn. Ọkọ mi ní kó dìde, ó ní òun ò ní dìde. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Inú bí mi. Ọmọ mi ló fẹ́ ṣe wòlímọ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Níkẹyìn, Bàbá Nàfísá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní ó dára, ó di ọ̀la.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí burúkú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi tutù, òógùn bò mí, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì mi. N kò lè dùbúlẹ̀, n kò lè jókòó. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, agbára tó fi ń ṣàn, já wálẹ̀. Dókítà ní omi inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ń jò kúrò nínú iṣan, ó sì yẹ kí wọ́n tètè dá a padà, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Wọ́n fa omi sí mi lápá, wọ́n ń wọn ìfúnpá mi, wọ́n tún ń wọ̀n ọ́n. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń ka kálímà sí mi létí. Mo mọ ìgbà tí wọ́n máa ń kà á síni létí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí n kò ní irú rẹ̀ rí.

Wọ́n ṣe wòlímọ̀ láìsí mi. Nígbà tí Nàfísá ń kéwú, èmi ń mu omi ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, ìfúnpá mi sì ti ń gòkè bọ̀. Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó lọ sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, bí mo bá gun òkè Mápó dé ìdajì, mo ní láti jókòó. Irun mi ń re. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ọ̀lẹ bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kúrò nílé ìwòsàn, mo bi nọ́ọ̀sì nípa ìyàwó kékeré yẹn. Ó ní wọ́n gbé e padà wá, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo sunkún rẹ̀ bí ọmọ ìyá mi.

Ọjọ́ pẹ́ tí ara yìí ti ń gbé mi lọ sọ́jà, tó ń gbé mi bọ̀, n kò kí i kú iṣẹ́ rí. Mo ń kí i báyìí bí mo bá jí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì wo ilẹ̀ láti òkè ọ̀run nítorí àwa tó wà níbí. Bí wọ́n bá sì ti wí fún mi ládùúgbò pé ara ẹnì kan tí ibà ń ṣe ti tutù, n kì í kí wọn kú oríire mọ́. Mo máa ń fa hijáàbù mi wọ̀, mo ń lọ jókòó tì í.