Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Rẹ̀ Mí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá sí mi lára tó dára tó ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Bí mo bá ti kí ìrun àsùbáà tán, màá ki ẹsẹ̀ bọ kánfáàsì, màá rìn láti Àgbowó dé ọjà Bódìjà, màá sì ti padà dé kí àwọn oní-fọ́tòkọ́pì tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo kàn fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò máa sọ pé, "Ìyàwó yìí, o mà lágbára o!" ni. Orí mi á sì wú bíi gààrí tó mumi.

Ilé ńlá ni ilé ọkọ mi, àwa ìyàwó ilé sì ní ẹgbẹ́ tí à ń ṣèpàdé rẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ la fi ń mọ àgbà, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mo fi ọdún mẹ́rin jù lọ, ṣe di ìyálé mi nìyẹn. Àǹtí ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń ká mi lára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fẹ́ràn mi. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, òun ló ń wá láti Challenge lójoojúmọ́ wá wẹ ọmọ fún mi, bẹ́ẹ̀ òun alára ti lo ọdún méje nílé ọkọ, kò tíì gbọ́mọ pọ̀n.

Lọ́dún kan, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìrẹsì tí à ń jẹ níbi ìpàdé ti tó gẹ́ẹ́, ká lọ gun òkè kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn, ká lè na ẹsẹ̀. Inú ta ni ì bá dùn tó tèmi? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Ṣàngó, ìyálé mi fà mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Àbúrò mi, mo ti lóyún. Oṣù méjì àbọ̀."

Mo fẹ́ pariwo, ó yára fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára òun, kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ọkọ òun. Ó ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́, bí òun ò bá tẹ̀ lé wa, wọ́n á fura. Dókítà ti ní òun lè rìn, kí òun ṣáà má kánjú.

"Bá mi rìn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá bi wá, sọ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́, pé èmi ni mò ń dúró tì ọ́. Ìwọ nìkan ni mo lè bẹ̀."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Àṣírí yín ò lè tú lọ́wọ́ mi."

Mo sì gbìyànjú o. A dé ìdí òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, mo ń tiro, mo ń di orúnkún mú. Àwọn tí kì í rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ń kọjá lára mi. Ìyá kan tó ti fi róòbù pa orúnkún méjèèjì láti inú bọ́ọ̀sì kọjá mi, ó tún kí mi kú ìrọ́jú! Nígbà tí a fi máa dé ibi àpáta pẹrẹsẹ kan tí àwọn tó ṣáájú ti jókòó dè wá, ọ̀rọ̀ ti di yẹ̀yẹ́.

"Ìyàwó Àgbowó, ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń yangàn nìyí?"

"Àṣé ẹnu lásán ni!"

"Ẹ bá a pe ọlọ́kadà o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyálé mi tẹ̀ mí lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀gbà tí ẹnu mi là.

"Ta ló rẹ̀? Èmi kọ́ o! Ìyálé mi ló lóyún, òun ni mò ń dúró dè!"

Hẹ̀ẹ́! Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń fọwọ́ kàn án nínú, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Ó ń ṣe àmín, àmín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wò mí. Ẹ sì wá wo àìnítìjú èmi yìí: mo sáré gun èyí tó kù, èmi ni mo kọ́kọ́ dé góńgó òkè, mo ya fọ́tò, mo rẹ́rìn-ín. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oyún náà fi wálẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe òkè, kì í ṣe ẹnu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ ló ya lọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní Challenge, lójoojúmọ́, wọ́n ń kí i, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó jẹ, ohun tó gbé. Ó ń dá wọn lóhùn, ó tún ń fún wọn lómi mu. Mo lọ bá a ní kíṣìnnì, mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún.

"Dìde," ó ní. "Mo ti dárí jì ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tó kọjá, mo ṣáà ráyè sunkún ni."

Lẹ́yìn ọdún méjì, kò wá sípàdé fún oṣù díẹ̀. Wọ́n ní ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ọ̀yọ́, mo sì ń ṣàdúrà fún ìyá náà lórí gbogbo ìrun mi. Àfi bí wọ́n ṣe pè mí lórí fóònù pé ìyálé mi ti bímọ obìnrin. Nígbà tí mo débi ìsọmọlórúkọ, ìyá tí mò ń tọrọ àlàáfíà fún ló wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ le koko. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ti mọ̀, títí kan ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn. Ìyálé mi gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín tòótọ́ ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ náà dáadáa.

Ọmọ yẹn ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Títí dòní, bí mo bá wọlé bá àwọn ìyàwó ilé níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹnì kan á sì sọ pé tòmátì ti wọ́n jù lọ́jà. Mi ò bínú. Màá jókòó, èmi náà á sì bá wọn sọ̀rọ̀ tòmátì.