Ohun Tí Bàbá Mi Kò Lè Sọ Níwájú Àǹtí Lupe

Lisiate ni orúkọ bàbá mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi gé ẹ̀ka àjàrà ní Robinvale, ìlú àjèjì tó jìnnà sí erékùṣù wa. Bí òtútù bá mú láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì, á ní kí n gbe ohùn ìsàlẹ̀. N kò mọ orin kọ.

"Sitani, ohùn ewúrẹ́ ni tìrẹ," á ní. "Má dákẹ́ ṣá. Ewúrẹ́ náà ń yin Ọlọ́run."

Mo ṣì ń gbọ́ ọ láàárín ìlà àjàrà.

Kí wọ́n tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ pírósítéètì ló ń ṣe é, ó ti wọ eegun. Wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n tún fún un ní oògùn oníhóró, mẹ́rin lójúmọ́. Hóró yẹn ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì. Ọdún méjì yẹn dùn. Ó ṣiṣẹ́, ó gbin iṣu sẹ́yìn ilé, ó ń bá àwọn ọkùnrin mu káfà, omi gbòǹgbò ìbílẹ̀ wa, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ń purọ́ ẹja pípa bíi tiwọn.

Lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í burú.

Àǹtí Lupe, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Mildura, òun ló sì ń túmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì bàbá mi kò kọjá ti oko. Tèmi náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkórè sì ti dé, n kò lè kúrò lóko.

Ní erékùṣù tiwa, ọkùnrin kì í sọ̀rọ̀ ara níwájú arábìnrin rẹ̀. Bí obìnrin náà bá wọlé, àwàdà á tán lẹ́nu ọkùnrin. Gbogbo wa la mọ èyí. A kàn rò pé ti àìsàn yàtọ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, òjò rọ̀, kò sí ìkórè. Mo bá wọn lọ.

Dókítà ní hóró náà kò ràn án lọ́wọ́ mọ́, Àǹtí ń túmọ̀. Ó ní ọ̀nà ṣì wà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fà sínú iṣan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n lè yẹ ohun tó jogún nínú ẹ̀jẹ̀ wò, bóyá hóró mìíràn á bá a mu. Abẹ́rẹ́ kan wà ní Melbourne tó ń gbé ìtànṣán lọ bá àìsàn níbi tó bá wà, bí àwòrán bá fi hàn pé ó yẹ. Bàbá mi sì lè ní òun kò fẹ́ ìkankan, kí wọ́n máa tọ́jú ìrora nìkan.

"Bí ara rẹ̀ bá ṣe rí ni màá fi mọ èyí tó kàn," ó ní. "Ṣé eegun ń dùn ún? Ṣé ẹsẹ̀ ń wúwo? Ìtọ̀ ńkọ́?"

Gẹ̀ẹ́sì ìbéèrè wọ̀nyí kò le, mo gbọ́ wọn. Àǹtí wo ilẹ̀. "Arákùnrin mi, wọ́n ní ṣé ara le?"

Bàbá mi náà wo ilẹ̀. "Ara le."

"Ó ní ara le," Àǹtí sọ fún dókítà.

Èmi ni mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ti di ògiri mú lọ sí ilé ìtọ̀, ó dúró síbẹ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Mo ní, "Àǹtí, wọ́n máa ń fi ìwé ìtanràn lé ọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ gbé e sí yẹn o."

"Ta ló sọ fún ẹ? Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé e síbẹ̀."

"Ẹ lọ wò ó ná."

Ó wò mí. "Irọ́ ò tiẹ̀ yẹ ẹ́," ó ní, ó sì jáde.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ẹsẹ̀ yín."

Ó wo ilẹ̀kùn tí Àǹtí bá jáde. "Láti ọjọ́ Àìkú," ó ní, "mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ni mò ń tẹ̀ tàbí ìrọ̀rí."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì oko mi sọ ọ́: ẹ̀yìn burú, ẹsẹ̀ kò lágbára, omi kò jáde. Dókítà dìde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀. Àìsàn ti ń tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní rìn mọ́.

Àǹtí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù. "Gbogbo ìgbà ni mò ń fo ìbéèrè yẹn," ó ní. "Ẹnu mi ò gbà á." Láti ọjọ́ náà, ìta ló ń dúró sí, èmi ni mò ń wọlé túmọ̀.

Ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Melbourne, wọ́n fi ìtànṣán sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rìn padà wọlé. Wọ́n fa oògùn sí i níṣan lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Irun rẹ̀ re, ó ní òun ti di àgbọn bíbó. Àyẹ̀wò ohun tó jogún fi hàn pé hóró kejì kò bá a mu. Nígbà tí abẹ́rẹ́ Melbourne fi máa kàn án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó mọ́.

"Sọ fún dókítà pé ó tó," ó sọ fún mi. "Ìrora nìkan ni kí wọ́n máa tọ́jú. Ilé mi ni mo fẹ́ wà."

Mo túmọ̀ rẹ̀. N kò fo ọ̀rọ̀ kankan.

Oṣù mẹ́tàdínlógún la rí gbà láti ọjọ́ òjò yẹn. Ó ń jókòó sórí àga ní ìparí ìlà àjàrà, ó ń bú mi. "O ń gé e bí ẹni ń gé irun ọ̀tá ẹ̀." Kò sí ohun tí n kò ní fi sílẹ̀ kí n tún gbọ́ èébú yẹn.

Oṣù kẹjọ ló kú, lórí ibùsùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo bi í pé níbo ló ń dùn ún. Ó sọ fún mi.